Ẹ gbà mí o, kí ni kí n tún máa sè fún ajá àti ológbò mi?

Ìyá Bíńgò: Ẹ kú ilé o, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Dọ́ọ̀gì fúùdù yìí ti sú mi, owó ẹ̀ ti kọjá agbára mi, ẹni tó ń tà á ní Bódìjà tún ń dá mi lóhùn bí ẹni pé mo wá tọrọ, ọkọ mi ní ajá ò gbọdọ̀ jẹun ju òun lọ, àbúrò ẹ̀ tó wá kí wa náà ń fi mí ṣẹ̀sín pé ológbò ń jẹ ẹja òun ò rí jẹ. Mo bá pa gbogbo kẹ́míkà yẹn tì, oúnjẹ natural ni mò ń sè fún wọn báyìí, ìrẹsì, orí adìẹ, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ díẹ̀. Wọ́n ń lá abọ́ ni o! Àmọ́ Bíńgò kàn ń sùn ṣáá, àlejò wọlé kò gbó. Kí ni kí n fi kún un? Ẹ má ní kí n padà sí dọ́ọ̀gì fúùdù o.

Àlàó Ọ̀yọ́: Ajá bàbá mi, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ló jẹ títí tó fi kú.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja: Ọmọ ọdún mélòó ló kú?

Mama Simba: Ẹran tútù ni kẹ́ ẹ fún un ma, ẹ má sè é. Simba mi ń dán yanranyanran.

Dọ́kítà Ajá: Mama Simba, adìẹ ọjà tútù, kòkòrò salmonella ńkọ́, tí ọmọdé bá wà nílé? Ṣùgbọ́n orí adìẹ tẹ́ ẹ sè náà, ẹ yọ eegun ẹ̀, eegun tó ti jinná máa ń ya ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ìyá Bíńgò, kí ló tún ń wọ ìkòkò yẹn? Ìgbà wo lẹ lo oògùn aràn fún un?

Mama Simba: Ẹ má kọ́ mi ní ajá o.

Ìyá Bíńgò: Oògùn aràn kẹ̀? Aáyù ni mò ń gún sí i, òun ló ń lé aràn. Àlùbọ́sà ńlá méjì àti magí, kí òórùn adìẹ má bàa gba ilé. Gbogbo ẹ̀ natural ni.

Dọ́kítà Ajá: HÀÁ. Ojoojúmọ́?

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja: Yéè, àlùbọ́sà fún ajá!

Ìyá Bíńgò: Ẹ má pariwo lé mi lórí. Ṣe bí gbogbo wa là ń jẹ àlùbọ́sà? Ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi sobo láti àná lóòótọ́, mo ní kárọ́ọ̀tì ni.

Dọ́kítà Ajá: Kárọ́ọ̀tì kọ́ ma. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, bíbọ̀ ò ní kí ó má ṣe é, èyí tí wọ́n lọ̀ sínú magí náà wà níbẹ̀. Ẹ wo èrìgì ẹ̀, ṣé ó funfun? Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn báyìí báyìí. Ṣé ìkòkò kan náà ni ológbò ń jẹ?

Ìyá Bíńgò: Ó funfun. Ìkòkò kan náà ni, gáàsì wọ́n.

Dọ́kítà Ajá: Ẹ gbé òun náà, àlùbọ́sà tètè ń mú ológbò ju ajá lọ. Ìrẹsì kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹ̀, inú ẹran àti ẹja ló ti ń rí taurine, èròjà kan tí ara ológbò nílò, tí kò bá rí i tó ojú ẹ̀ lè fọ́, ọkàn ẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Àlàó Ọ̀yọ́: Àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀ ajá bàbá mi o.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja: Bàbá, ẹ ò tíì sọ ọdún tó lò.

Ìyá Bíńgò: A ti wà nínú ọkọ̀, Músù ń ké nínú báàgì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá mi wá sí inbox nípa dọ́ọ̀gì fúùdù, mi ò tíì gbà o. Ṣé ọkàn màlúù dáa fún ológbò?

Dọ́kítà Ajá: Ó dáa gan-an, ẹ kàn bọ̀ ọ́ lásán. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀hún ná.