Ọkọ̀ mi ò gbọ̀n mọ́ o!

Ẹ ṣé àdúrótì yín. Ẹ rántí four-wheel mi tí mo gbé sókè ní ínṣì 3 tó wá ń gbọ̀n bí eré mi bá ti kọjá 80? Mo ti bálánsì táyà, mo ti pààrọ̀ kúróòsì (oríkèé) pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sẹ́yìn, owó ṣáà ń jáde, àṣé kò síkankan tó bàjẹ́ nínú wọn! Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wọn ìdagun ẹnu gíà àti ti difurẹ́ńṣà (ibi tí pùròpẹ́là ti wọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn), ẹ ṣé gan-an sà, fóònù ni mo fi wọ̀n ọ́n, tibí 4 dígíríì, tọ̀hún 7, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n dọ́gba ni. Wẹ́dà bá mi ṣe irin pẹlẹbẹ tí apá kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ, dígíríì 3, a wá tì í bọ abẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn kí méjèèjì lè dọ́gba. Lánàá mo tẹ̀ ẹ́ dé 120, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.