Owó tí búlọ́ọ̀gì ń mú wọlé fún wa nílẹ̀ Òkun: ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín

Ọmọ Ìjùmú (Kàbbà)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, mo kí yín, òkun o. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò yé bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni èèyàn lè jókòó sí Kàbbà, kó máa kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí owó sì máa wọlé. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa rí i, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú rẹ̀ náà sì sọ tiyín. Owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn wà kọ́ ló ti ń wá.

Orí kajú ni búlọ́ọ̀gì tèmi dá lé. Ẹ mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu wa láti Kàbbà dé Ìyàrà, dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, títí wọ Yàgbà. Oníṣòwò á wá láti Èkó tàbí Ìlọrin, á dá iye kan, àgbẹ̀ á gbà torí pé kò mọ ohun tí oníṣòwò ń wò kó tó dá iye náà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, òun ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ kíkọ. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣa èso díẹ̀ nínú àpò, tí wọ́n á là á, tí wọ́n á wọn ọmọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní KOR ò ju iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tó dáa tí wọ́n lè rí nínú àpò kílò 80. Èyí tó bá wọ 48 sókè, ọjà gidi ni, kò yẹ kí àgbẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo kọ nípa sísá èso sóòrùn pẹ̀lú, torí pé èso tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kó tó dé Vietnam tàbí Íńdíà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kajú wa ń lọ. Bí ọjà bá sì ti ná, mo ń kọ iye tí wọ́n ń rà á síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí owó gbà wọlé ni ìpolówó Google, èyí tí wọ́n ń pè ní AdSense, tó ti wà láti 2003. Ẹ ò ní wá olùpolówó fúnra yín, àwọn ló ń gbé ìpolówó sórí ojúewé yín. Nínú gbogbo ₦100 tí olùpolówó bá san, nǹkan bí ₦68 ló ń kan ẹni tó ni búlọ́ọ̀gì. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó àyàfi tó bá pé dọ́là 100. Bí kò bá pé lóṣù yìí, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò tíì ní òǹkàwé tó pọ̀ lè dúró pẹ́ gan-an kó tó rí owó àkọ́kọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí pé ó kan àwa tí a wà nílé gan-an. Bí owó yín bá ti tó dọ́là 10, wọ́n á fi lẹ́tà gidi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín, lẹ́tà orí bébà, tí nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ ní láti tẹ nọ́ńbà náà sínú àkáǹtì AdSense yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dá ìpolówó dúró. Ilé mélòó ló ní nọ́ńbà ojúlé ní àdúgbò wa? Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo lò, lẹ́yìn tí mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé. Lẹ́tà náà sì dé láyọ̀. Ẹni tó bá mọ olùkọ́ nílé ìwé tó ní àpótí ìfìwéránṣẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun kejì tí mo rí ni pé kì í ṣe iye èèyàn tó ń kà yín nìkan ló ń pa owó, ibi tí wọ́n ti ń kà yín wà níbẹ̀. Olùpolówó ń san owó púpọ̀ lórí ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba ju ẹni tó wà ní Lọ́kọ́ja lọ. Ojúewé tí mo kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ ra kajú láti òkè òkun, òǹkàwé rẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ òun ló ń mú dọ́là wá jù. Látoṣù kẹwàá dé ìparí ọdún owó ìpolówó máa ń gòkè, bí oṣù kìn-ín-ní bá wọlé á tún wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Àmọ́ kì í ṣe AdSense ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Àwọn tó ń ra kajú ni. Wọ́n ti ka ohun tí mo kọ, wọ́n mọ̀ pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n wá ń pè mí pé kí n bá wọn wá àgbẹ̀ tó ní ọjà gbígbẹ. Mo ń gba kọmíṣọ̀n lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹni tó ń rà ni mo sì ti ń gbà á, mi ò fọwọ́ kan owó àgbẹ̀. Àwọn tó ń ta àpò, oògùn kòkòrò àti ìwọ̀n náà ń san owó fún àyè lórí ojúewé mi. Ohun tí wọ́n bá sanwó fún, mo ń kọ "ÌPOLÓWÓ" gàdàgbà sí orí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbà mí gbọ́, tó lọ ra oògùn tí kò ṣiṣẹ́ nítorí pé wọ́n fún mi lówó kí n yìn ín, irú ẹ̀ṣẹ̀ wo nìyẹn?

Aláṣọ Ògìdì

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Aṣọ òkè la ń hun ní Ògìdì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú wa ni Nike Davies-Okundaye ti wá, tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí aṣọ àti àdìrẹ. Ọmọ mi ní kí a ṣí búlọ́ọ̀gì. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní kí n ṣáà máa sọ̀rọ̀, òun á máa kọ. Mo sọ bí a ṣe ń ta òwú kí a tó hun ún, bí a ṣe ń fọ aṣọ kó má baà ṣí, irú èyí tó yẹ ìyàwó àti èyí tó yẹ ìyá ọkọ. Kò sí ìpolówó Google kankan níbẹ̀. Aṣọ la fi ń pawó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yà mí lẹ́nu. A kọ nípa aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, èyí tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn ńlá láyé àtijọ́. Èmi ò ta á o. Ìtàn rẹ̀ tí ìyá mi sọ fún mi ni mo ní kó kọ. Ojúewé yẹn ni wọ́n ń kà jù! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọ̀wé sí wa, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ̀wé, bí wọ́n bá sì ti ka ìtàn tán, wọ́n á wo aṣọ tí mo ní nílẹ̀, wọ́n á béèrè ti ìgbéyàwó. Mo ń gba àṣansílẹ̀ ìdajì kí n tó fọwọ́ kan òwú. Ẹni tí kò bá san án, mi ò hun tiẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ta ni.

Ọmọ Yàgbà (Ìsánlú)

Ẹ̀gbọ́n, Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Èdè wa ni mo fi ń kọ tèmi, ìròyìn ìlú: oyè, ìsìnkú, ìpàdé ìdàgbàsókè, ọjọ́ ìlú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí AdSense ń gbà, bẹ́ẹ̀ òfin wọn sì ni pé kéèyàn má fi ìpolówó wọn sí ojúewé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ èdè tí kò sí níbẹ̀. Mo fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Àwọn ẹbí ni wọ́n ń sanwó fún mi. Bí wọ́n bá fẹ́ sìnkú bàbá wọn, mo ń kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá, mo ń gbé fọ́tò àti ètò ìsìn síbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá àti Amẹ́ríkà á fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Mo máa ń lọ jókòó ti àwọn àgbàlagbà kí n tó kọ, torí pé ìtàn yẹn ló máa kù fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Láti ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ kan l'Ékòó ti rí bí mo ṣe ń kọ Yorùbá, wọ́n ń fún mi ní iṣẹ́ ìtumọ̀ báyìí. Ká sòótọ́, iṣẹ́ yẹn ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó fẹ́ lo AdSense: ẹ má ṣe ní kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa tẹ ìpolówó yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é. Wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, owó tó wà níbẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ àwọn olùpolówó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni dọ́là yẹn ṣe ń dé ọwọ́ yín? Àbúrò mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Ìjùmú (Kàbbà)

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn aṣọ pupa yẹn, mo fẹ́ kà á lálẹ́ òní.

Àbúrò, àkáǹtì dọ́là ni kó lọ ṣí ní báńkì. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí AdSense mu pátápátá, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Olú níbì kan kó di Olúwaṣẹ́gun níbòmíì. Kó gba SWIFT code lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ báńkì fún owó tó ń ti òkèèrè wá, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti òkèèrè wọlé, torí pé ti báńkì kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e ni Google ń sanwó.

Kó má sì ṣe fi iye náírà ṣírò ọjọ́ ọ̀la. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń gba dọ́là rí i pé owó òun pọ̀, ṣùgbọ́n dọ́là náà la fi ń san owó orúkọ búlọ́ọ̀gì àti ti àyè tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Kó yọ owó ọdún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àkọ́kọ́ tó bá gbà, kó fi í sílẹ̀ nínú àkáǹtì dọ́là náà. Bó bá fẹ́ ṣí i lọ́sẹ̀ yìí, kó pè mí kó tó lọ sí báńkì.