Re: “Ìṣàkóso òwò” ni àbí “àmójútó òwò”? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe mánéèjì o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ látìgbà tí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ti gbé àkọlé yẹn síwájú wa, mo ní kí n dákẹ́ ná, àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ń lọ yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: àwọn kan fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ fáwọn Yorùbá tó ń ṣòwò lókè ọya, àwọn télọ̀, àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, àwọn ìyá aláṣọ, kí wọ́n lè kọ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe ń darí okòwò, Ẹ̀gbọ́n sì ní ká bá àwọn tú ìwé ìléwọ́ ẹ̀ sí Yorùbá. Àkọlé tí wọ́n dá lábàá ni “Ìmọ̀ọ́ṣe Gbòógì fún Ìṣàkóso Òwò”. Àbúrò wa tó wà ní Gwarinpa l'Àbújá níbí ní ìyẹn ti le jù, ká kúkú kọ “bí a ṣe ń mánéèjì bísínẹ́ẹ̀sì”, pé kò sẹ́ni tí ò gbọ́ mánéèjì.

Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Lẹ́nu Yorùbá, mánéèjì kì í ṣe ohun tí ìwé òyìnbó ń sọ. Tí wọ́n bá ní kó o mánéèjì ìrẹsì yìí, ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ ni pé kò tó, kò sì dáa tó, àmọ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. “Báwo ni nǹkan?” “A ṣáà ń mánéèjì.” Ṣé ẹni tó fún ẹ lésì yẹn ń sọ fún ẹ pé òun gboyè nídìí òwò ni? Mo wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí ní Kubwa, olùkọ́ ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó múra dáadáa, dìde, ó ní lónìí a máa kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa mánéèjì ṣọ́ọ̀bù yín, ni màmá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ bá ká ìborùn ẹ̀ kúrò létí, ó ní, “Ọmọ mi, èmi ti mánéèjì ẹ̀ tó. Torí kí n lè ṣíwọ́ mímánéèjì ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù wá síbí.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà kàn ń wò wọ́n, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ ò wá rí i pé kò yẹ ká kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí ìwé ìléwọ́ rárá?

Ó wá ku ìṣàkóso. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti gbà á wọlé. Àmọ́ Àbújá la wà. Níbí, alákòóso ni rédíò ń pe mínísítà, ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé fáìlì lọ́wọ́, ó ń rùn bí ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọọṣẹ́ méjì lọ́jà Wúsé kò lérò pé òun ń ṣàkóso nǹkan kan, ó ń mójú tó ọjà òun ni, bó ṣe máa sọ ọ́ fún yín nìyẹn tẹ́ ẹ bá bi í. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn pàápàá, “manage”, láti inú èdè Ítálì ló ti wá, maneggiare, ọwọ́ ló dá lé, àwọn tó ń tọ́ ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún kó tó di ọ̀rọ̀ owó àti iléeṣẹ́. Òyìnbó fi ọwọ́ mú tiẹ̀, Yorùbá fi ojú tó o: mú ojú tó, àmójútó. Tó bá jẹ́ ẹṣin yẹn náà lẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ lé (ìlú Hausa la kúkú wà), a ti ní “kó níjàánu” nílẹ̀, ó sì wúlò fún apá kan iṣẹ́ náà, kéèyàn kó ìnáwó ẹ̀ níjàánu, kò sẹ́ni tí ìyẹn ò ní yé.

Ẹnì kan tún bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí kì í ṣe àbójútó. Kò burú, àmọ́ alábòójútó ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, alábòójútó àgbà ni wọ́n ń pe jẹ́nẹ́rà ofasíà, àbójútó sì tún máa ń jọ kéèyàn dúró ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má bàa jalè. Àmójútó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máníjà wá di alámòójútó, ó lọ geerege.

Níbi tí mo ti fẹ́ ká mú un lókùnkúndùn ni inú kọ́ọ̀sì náà, torí àkọlé kọ́ ló máa kọ́ wọn níṣẹ́. Henri Fayol, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìwakùsà kan ní ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́ lọ́dún 1916 pé nǹkan márùn-ún ni ọ̀gá ń ṣe, títí dòní ni àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ṣì ń tún un kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé e kúrú. Ó ní ọ̀gá ń wo iwájú, ó ń to nǹkan, ó ń pàṣẹ, ó ń mú kí iṣẹ́ ọwọ́ tibí bá tọ̀hún mu, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lọ bí wọ́n ṣe sọ. Ẹ̀gbọ́n, nínú ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìṣètò lẹ lò fún ìkíní àti ìkejì. Ìdàrúdàpọ̀ nìyẹn máa dá sílẹ̀, torí ẹni tó jókòó tó ń rò ó pé ọdún Iléyá máa bọ́ sí oṣù yìí, ẹran máa wọ́n, kí n tètè lọ ra ata gbígbẹ pamọ́, kò tíì to nǹkan kan, ó ń wéwèé ni. Ẹ jẹ́ kí ti iwájú jẹ́ ìwéwèé, kí títò jẹ́ ìṣètò.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá dùn jù, ibẹ̀ náà sì lẹ ti fẹ́ bà á jẹ́. Ta ló kọ “olú-owó” fún owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òwò? Mo mọ bó ṣe rìn ín: òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà, “capital”, pe olú ìlú àti owó òwò, ẹ wá gbé olú ti Àbújá wá gbé e lé owó lórí. Àbújá di olú ìlú ní December 1991, kò tíì dá okòwò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni látìgbà yẹn. Ojú owó ni Yorùbá ń pè é, ẹ bi ìyá yín. Ó wá fi kókó ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ hàn kedere: èrè lò ń jẹ àbí ojú owó? Ẹni tó ń mú owó ilé ìwé ọmọ nínú àpótí ọjà, tó ń mú owó aṣọ ẹbí níbẹ̀, tó ń fi ìyókù lọ ra ọjà tí ò tó ti tẹ́lẹ̀, ojú owó ló ń jẹ, kò sì mọ̀, torí lójoojúmọ́ ló ń rí owó lọ́wọ́. Mo rò pé bí olùkọ́ bá fi odidi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí ojú owó nìkan, owó kọ́ọ̀sì ti pé.

Òdìkejì ẹ̀ náà tún wà, ẹni tó jèrè tí ò rówó ná. Ohun tí òyìnbó ń pè ní “cash flow”, bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde, tẹ́ ẹ wá túmọ̀ sí “ìṣàn owó”, bí odò, kò sóníṣòwò tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé “owó mi wà lọ́jà, kò sí lọ́wọ́”. Gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀: owó ọjà yàtọ̀, owó ọwọ́ yàtọ̀, owó tó wà níta lọ́wọ́ àwọn tó ra àwìn tún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwọlé-jáde owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rí bí ọ̀rọ̀ ìwé, àmọ́ kí olùkọ́ fi owó ọjà àti owó ọwọ́ là á yé wọn. Ti àwìn yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tuntun: àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ta aṣọ láwìn káàkiri tí wọ́n ń lósòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn, ìyẹn la ṣe ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Àwìn, owó sísin, ó tán. Ọjà tó dúró pẹ́ tí ò lọ, ìkùtà. Mélòó lẹ fẹ́ kí n kà?

Ẹnì kan nínú wa (mi ò ní dárúkọ) wá ní ká yá “riba” lọ́wọ́ àwọn Hausa fún èrè, pé gbogbo ọjà òkè ọya ló ń lò ó. Mo gbà pé lẹ́nu Hausa, èrè ni, bí jari náà ṣe jẹ́ ojú owó, ẹni tó bá sì ń tajà ní Sábó gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn àáfà wa, ríbà ni èlé tí ẹ̀sìn kà léèwọ̀, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́nu Yorùbá tó wà nílé, rìbá ni owó ẹ̀yìn tí wọ́n ń fún ẹni tó wà nípò kó tó ṣe ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un láti ṣe. Ẹ wá ronú ìwé ìléwọ́ tó kọ ọ́ gàdàgbà pé “ẹ wá kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ rìbá”. Àwọn EFCC náà á forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀kan wà tí a ò ní ọ̀rọ̀ fún lóòótọ́, ìyẹn owó tó máa ń jáde bóyá ọjà tà tàbí kò tà, tí òyìnbó ń pè ní “fixed cost”, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ẹ bi télọ̀ kan ní Nyanya bó ṣe ń dá iye lé aṣọ. Á ní òwú, gọ́ọ̀mù, síìpù, á rò ó pọ̀, á lé díẹ̀ lé e. Owó ṣọ́ọ̀bù tó san lódindi ọdún kan ńkọ́? Epo tó ń dà sí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Owó oúnjẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́? Owó tó yẹ kó san fún ara ẹ̀ torí òun náà ń ṣiṣẹ́? Kò sí èyí tó wà nínú ìṣirò ẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé agbádá, wọ́n ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní èyí. Bó ránṣọ bí ò rán, àwọn owó wọ̀nyẹn á jáde. Ẹ̀gbọ́n kọ “ìnáwó àìyẹsẹ̀”, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ó jọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi dá “ìnáwó bótà-bíòtà” lábàá. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ èdè á ní gbólóhùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Òṣómàáló ńkọ́? Gbólóhùn kọ́ nìyẹn náà bí?

Ìwé owó alápá méjì tẹ́ ẹ kọ, ìyẹn kéèyàn máa kọ owó kọ̀ọ̀kan sápá méjì, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ, mo fara mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Luca Pacioli tó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ló tẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé ní Venice lọ́dún 1494, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ti ń lò ó ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún wa pé ìmọ̀ tuntun ni. Àwọn tó máa fi alájọ Ṣómólú bá mi jà, pé orí ló fi ń rántí gbogbo owó, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀: ẹ mú orí yẹn wá, màá gbà kẹ́ ẹ má kọ̀wé.

Lórí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú sátífíkéètì tí wọ́n fẹ́ fún wọn. NIM (Nigerian Institute of Management), ẹgbẹ́ àwọn alámòójútó, tó ti wà látọdún 1961, òfin ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2003, òun la sábà máa ń rí tó ń wá àwọn àgùnbánirọ̀ ní kámpù pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ tiwa yìí ò sí nípò yẹn, nítorí náà kí wọ́n kọ “ìwé ẹ̀rí pé ó wá”, kí wọ́n má kọ “ìwé ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́”. Àti pé ẹ yọ “dàrẹ́kítọ̀” kúrò, olùdarí ló wà níbẹ̀, látìgbà tí CAMA, òfin ìdásílẹ̀ iléeṣẹ́, ti ọdún 2020 ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, ìyá aláṣọ gan-an lè jẹ́ olùdarí, ó sì máa ń wù wọ́n láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n, àkọlé tèmi rèé: “Ẹ Wá Kọ́ Àmójútó Òwò: Ọgbọ́n Gbòógì Tí Oníṣòwò Ò Gbọ́dọ̀ Ṣaláìní”. Ìmọ̀ọ́ṣe yẹn, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé olùkọ́. Ẹ̀yin ará Jọ́ọ̀sì àti Kánò, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbẹ̀ láti ayé òyìnbó, ṣé ẹ ti gbọ́ kí wọ́n pe ìnáwó bótà-bíòtà yẹn ní nǹkan mìíràn rí? Ẹ tètè dá mi lóhùn, Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìléwọ́ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé.