Ìmọ̀ràn: kàkúlétọ̀ wo ló dáa lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọmọ jọ ń lò? RAD ń da ìṣirò wa rú

TíṣàÒjòó
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn nítòsí Òjòó níbí, àwọn tó ń múra WAEC àti JAMB ló pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà ò kárí, ńṣe ni wọ́n ń pín in lò. Bí ẹnì kan bá ti yí kàkúlétọ̀ sí RAD (ìyẹn radian, ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà wọn igun yàtọ̀ sí dígírì) tó sì dìde, ẹni tó jókòó tẹ̀lé e á tẹ sine 30, á rí -0.988, á sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 0.5 ló yẹ kó rí. Windows ló wà lórí àwọn kan, Ubuntu ló wà lórí ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń yí i padà? Ṣé ẹ sì mọ kàkúlétọ̀ míì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo lè fi sórí gbogbo wọn? Kó má tóbi jù o, owó dátà ti wọ́n.

ỌmọAgbowó
Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ti Windows ò le. Ẹ ṣí Calculator, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, kẹ́ ẹ mú Scientific. Bí ẹ bá wà ní Standard, ẹ ò ní rí sine rárá. Ẹ máa rí bọ́tìnì kékeré kan lókè tí wọ́n kọ DEG, ìyẹn dígírì, sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di RAD; ẹ tún un tẹ̀, ó di GRAD, ìwọ̀n igun kẹta; ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà sí DEG. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ ni ohun tó ń lò lọ́wọ́. Lórí kíbọ́ọ̀dù, F3 ni DEG, F4 ni RAD, F5 ni GRAD. Ẹ jẹ́ kó mọ́ wọn lára láti máa tẹ F3 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Látòpù mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ máa tẹ Fn mọ́ ọn kó tó jẹ́.

ÀkànbíBódìjà
Kí ẹni tó ń lo Mac má fi tiyẹn ṣe o. Lórí Mac, ohun tí bọ́tìnì máa yí sí ló ń kọ. Bó bá kọ Rad, DEG lẹ wà. Bó bá ti wà ní radian lóòótọ́, ẹ máa rí Rad kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìdáhùn ń jáde sí.

LinuxSáńgo
Ubuntu: ẹ ṣí Calculator, ẹ yí i láti Basic sí Advanced. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Preferences nínú mẹ́nù, ẹ wá Angle units, ẹ mú Degrees. Ó tán.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ lè fi sórí gbogbo wọn, SpeedCrunch ni mo máa mú. Ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, ó wà fún Windows àti Linux. Fún Windows, wọ́n ní èyí tẹ́ ẹ lè gbé sórí fláàṣì tẹ́ ẹ ó sì máa lò láìfi sórí kọ̀ǹpútà, torí náà ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa wà á sílẹ̀. Inú Settings, níbi Angle Unit, lẹ ti máa mú Degree. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé ni pé gbogbo ìṣirò tí wọ́n ti ṣe máa wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tíṣà lè wo ibi tó ti yà bàrá.

ÌyáÌbejì
Tíṣà, tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí DEG, kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan RAD. Ọmọ mi wà ní SS2, dígírì nìkan ni mò ń rí nínú ìwé ìṣirò rẹ̀.

Awọnlẹ̀Mọ́kọ́lá
Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba RAD lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń ṣe Further Maths nílò rẹ̀. Bí rédíọ́ọ̀sì òbíríkítí bá jẹ́ 10 cm, tí igun jẹ́ 1.5 radian, 10 lọ́nà 1.5 ni gígùn apá etí òbíríkítí tó kojú igun yẹn, 15 cm. Bó bá sì kan calculus, ìyẹn ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, àfi nínú radian ni derivative sine x ti ń jẹ́ cosine x gẹ́lẹ́.

GRAD gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká mú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 105 mítà. Bí èèyàn bá dúró níbi tó fi 105 mítà jìnnà sí i, tó wo orí rẹ̀ láti ilẹ̀, igun 45 dígírì ló máa rí. Tan 45 jẹ́ 1, 1 lọ́nà 105, gíga ilé ti jáde. Bí kàkúlétọ̀ bá wà ní RAD, tan 45 á di 1.62, ilé á sì di 170 mítà. Ọmọ tó mojú Dùgbẹ̀ á fura. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní GRAD, 0.854 ló máa jáde, ilé á wá di nǹkan bí 90 mítà. Ta ló máa fura sí 90? Ohun tó fà á ni pé grad ò jìnnà sí dígírì: 100 grad ni 90 dígírì. Àwọn ará Faransé ló gbé e jáde nígbà tí wọ́n ń ṣètò mítà, láàárín àwọn ọdún 1790, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì ń lò ó.

Torí náà, kí ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kọ́kọ́ tẹ sine 30. Bó bá rí 0.5, DEG ni. Bó bá rí -0.988, RAD ni. Bó bá rí 0.454, GRAD ni. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

ÌyáÌbejì
Ó ti yé mi, ẹ ṣeun sà. Mo gbà.

ỌmọAgbowó
Ẹ fi ti sin⁻¹ kún un. Bí wọ́n bá wá sin⁻¹ 0.5, ìyẹn igun tí sine rẹ̀ jẹ́ 0.5, 30 ló ń jáde ní DEG, 0.5236 ló ń jáde ní RAD. Ìdáhùn kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

LinuxSáńgo
Qalculate! náà wà, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó gba kí ọmọ kọ ìwọ̀n mọ́ igun fúnra rẹ̀: sin(30 deg). Bó bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, 0.5 ló máa rí, ibi yòówù kí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ yí i sí.

TíṣàÒjòó
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún un yín. Qalculate! ni mo máa mú fáwọn Further Maths, SpeedCrunch fáwọn yòókù, páálí á sì wà lára gbogbo wọn. Ó ku ẹyọ kan: ọmọ kan ń fi Excel ṣe tirẹ̀, -0.988 yẹn náà ló ń rí, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè yí i.

ÀkànbíBódìjà
Kò síbi tẹ́ ẹ ti lè yí i, tíṣà. Radian ni SIN inú Excel ń gbà nígbà gbogbo. Kó kọ =SIN(RADIANS(30)).