Fáìlì àna láti Mẹ́síkò kò rí bí ti Èkó

Ará Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti di sítísìn, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé Texas láìní ìwé. Ìyá ìyàwó àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, wà ní Guanajuato. Ṣé ọkọ lè fáìlì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó nìkan ni. Òfin Amẹ́ríkà kò mọ àna. Ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, àti ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni ni sítísìn lè fáìlì I-130, fọ́ọ̀mù ìbátan, fún. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba green card, tí yóò di sítísìn, kí ó tó lè fáìlì fún ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ọdún 3 lẹ́yìn green card ló lè di sítísìn bí òun àti ọkọ tó jẹ́ sítísìn bá ṣì jọ ń gbé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún 5 ni.

Ohun tó máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ rèé: fáìlì ìyá kò gbé ọmọ dání. Bí ìyá bá dé, àbúrò yóò ṣẹ́kù sílé, yóò sì nílò fáìlì tirẹ̀.

Bàbá Chicago:
Ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni Mẹ́síkò ti yàtọ̀ sí tiwa. Ìyàwó sítísìn, òbí rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 21 tí kò sì ṣe ìgbéyàwó, kì í tò sórí ìlà kankan. Àwọn yòókù ń pín físà bí 226,000 lọ́dún, orílẹ̀-èdè kan kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Torí bí àwọn tó ń fáìlì láti Mẹ́síkò ṣe pọ̀ tó, ìlà tiwọn dá dúró nínú Visa Bulletin, ìwé tí wọ́n fi ń kéde ìlà físà lóṣooṣù, bíi ti Íńdíà, Ṣáínà àti Philippines. Ìlà gbogbogbòò ni Nàìjíríà wà.

Ní 2025, ẹgbẹ́ F4, ìyẹn ọmọ ìyá sítísìn, ti gbogbogbòò wà ní 2007 sí 2008, ìyẹn ni pé àwọn tó fáìlì nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ti Mẹ́síkò ṣì wà ní 2001. Ẹni tó bá sọ pé «ọdún 15 ni, ó ti ṣẹlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn» ń ka ìlà tí kì í ṣe ti àna rẹ̀. Ọjọ́ tí USCIS, ilé iṣẹ́ ìwé ìgbélé Amẹ́ríkà, gba I-130 ni wọ́n ń wò, òun ni priority date. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìyàwó bá di sítísìn ni kí ó fáìlì fún àbúrò, kó má dúró de nǹkan kan. Nígbà tí ìyá bá sì ti ní green card, kí òun náà fáìlì fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan lè ní fáìlì méjì. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bá gbéyàwó nígbà tí ìyá ṣì jẹ́ oní-green card, fáìlì ti ìyá kú nìyẹn. Kò ní sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà kìlọ̀ fún un.

Ará Houston:
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Ìyàwó ńkọ́? Wọ́n ní kó kàn lọ gba físà ní Ciudad Juárez, ní ilé físà Amẹ́ríkà tó wà ní Mẹ́síkò, kó padà wá.

Bàbá Chicago:
Ẹ dá a dúró! Kó má kúrò nílé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: báwo ló ṣe wọlé?

Bó bá gba ẹnubodè níwájú òṣìṣẹ́, ìbáà ti pẹ́ ju ọjọ́ tí físà rẹ̀ fún un, ìyàwó sítísìn lè fáìlì I-130 ($675 ní ìwé, $625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú I-485, ìyẹn fọ́ọ̀mù green card ($1,440), láìjáde. Ìwé dókítà I-693 gbọ́dọ̀ bá I-485 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mẹ́síkò máa ń wọlé pẹ̀lú káàdì ẹnubodè, wọn kì í sì í fún wọn ní ìwé ìwọlé I-94 bí wọn kò bá rìn jìnnà sí ẹnubodè. Ẹ wá káàdì yẹn jáde, bó tilẹ̀ ti gbó. Ẹ̀rí ìwọlé ni.

Bó bá gba aṣálẹ̀ tàbí odò kọjá, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fáìlì fún òun tàbí òbí rẹ̀ rí, ní 30 April 2001 tàbí ṣáájú rẹ̀. Òfin 245(i) lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè láti ṣe é níbí, pẹ̀lú owó ìtanràn $1,000. Bí fáìlì náà bá jẹ́ ti lẹ́yìn 14 January 1998, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fáìlì gbọ́dọ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà ní 21 December 2000. Àwọn ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpótí ìyá àgbà ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bí kò bá sí èyí, Juárez ló kù. Ẹni tó ti ń gbé níbí láìní ìwé ju ọjọ́ 180 lọ, bó bá jáde, ìdènà ọdún 3 ń dúró dè é. Bó bá tó ọdún kan, ọdún 10. Ọjọ́ tó gbé kí ó tó pé ọmọ ọdún 18 kò sí nínú ìṣirò. Kí ó tó jáde ni kó gba ìdáríjì I-601A ($795), lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí I-130 tí wọ́n sì ti san owó físà $325. Ìnira tí yóò bá ọkọ ni ẹ ó fi hàn, kì í ṣe ti ọmọ: àìsàn ọkọ àti ìwé dókítà, gbèsè ilé, òbí tó ń tọ́jú. Ìyà tó bá ọmọ wúlò kìkì bó bá padà di ẹrù ọkọ. «A fẹ́ràn ara wa» kò tó.

Èyí tó burú jù: ẹ̀ẹ̀melòó ló kọjá? Bó bá gbé níbí láìní ìwé ju ọdún kan lọ lápapọ̀ lẹ́yìn 1 April 1997, tó lọ sílé, bóyá láti sìnkú, tó tún gba ẹ̀yìn wọlé, I-601A kò bo èyí. Yóò gbé ọdún 10 lókè òkun kó tó lè tọrọ àyè rárá. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n lé kúrò tó tún gba ẹ̀yìn padà. Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tún béèrè bóyá ó ti pe ara rẹ̀ ní sítísìn rí láti gba iṣẹ́, tàbí ó sanwó fún ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ kọjá. Bí ìdáhùn kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ lọ bá lọ́yà kí ẹ tó fi ìwé kankan sílẹ̀. Fáìlì tí ẹ kò tíì fi ránṣẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹni tó ti jókòó sí Juárez kò rọrùn gbà padà.

Ìyá Ìbejì:
Kí lọ́yà náà jẹ́ lọ́yà tòótọ́. Ní Mẹ́síkò, «notario» jẹ́ lọ́yà àgbà. Níbí, òǹtẹ̀ lásán ló ní. Àwọn kan ń fi orúkọ yẹn gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ìwé: orúkọ ìdílé méjì ni wọ́n ń jẹ́, ti bàbá àti ti ìyá. Ẹ kọ ọ́ bákan náà nínú gbogbo fọ́ọ̀mù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú acta de nacimiento, ìwé ìbí wọn. Ẹ má ṣe gé ti ìyá sọnù. Acta ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá forúkọ ìbí sílẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn ìbí, ẹ fi ìwé ìrìbọmi tàbí ti ilé-ìwé kún un. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó ní Mẹ́síkò. Ti Registro Civil, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ sílẹ̀, ni òfin mọ̀. USCIS ń fẹ́ ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìfọwọ́sí olùtumọ̀, ṣùgbọ́n Juárez ń ka Spéènì, ẹ má ṣòfò owó sí i níbẹ̀.

Fún I-864, ìwé ìgbọ̀wọ́ owó, owó tó ń wọlé fún ọkọ gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n òṣì. Fún ènìyàn méjì, $26,437 ni ní 2025. Bí kò bá tó, ẹ wá onígbọ̀wọ́ kejì tó jẹ́ sítísìn tàbí oní-green card. Owó ti I-864, $120, yàtọ̀ sí ti físà.

Ará Houston:
Ìyá tó wà ní Guanajuato ńkọ́? Ṣé Mexico City ni yóò lọ?

Ìyá Ìbejì:
Rárá, Juárez ni gbogbo físà ìgbélé Mẹ́síkò ti ń jáde, ibi yòówù kí ó ti wá. Àyẹ̀wò dókítà níbẹ̀, ìtẹ̀ka, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: kí ó mú owó ilé ìtura ọjọ́ mélòó kan dání àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Lẹ́yìn físà, $235 ṣì wà láti san fún USCIS kí káàdì tó jáde. Bí NVC, ibi tí wọ́n ti ń to ìwé físà, bá sì kọ̀wé, kí wọ́n má jẹ́ kó pé ọdún kan láìdáhùn, wọn a máa pa fáìlì.