Èrò kún ìkànnì wa, èrè ń lọ sílẹ̀: ẹ wá sọ èyí tí ojú tiyín rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé owó fún ilé iṣẹ́ kan tó ti ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kí ayélujára tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkànnì, inú gbogbo wa dùn. Ní ìpàdé, iye èrò tó wọ ìkànnì àti iye ẹni tó ń tẹ̀lé wa lórí Facebook ni wọ́n máa ń kà sí wa létí. Iye yẹn ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Ìwé owó sì wà lọ́wọ́ mi, mo ń rí i pé èrè ń dín kù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fa ìlà méjì sórí ìwé, ọ̀kan fún èrò, ọ̀kan fún èrè. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Àyà mi já. Mo wá tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù á wọ ẹ̀wù wò, á sanwó, á gbé e lọ. Ẹni tó ń rà á lórí ìkànnì á ní kí a fi ìwọ̀n mẹ́ta ránṣẹ́, á mú ọ̀kan, á dá méjì padà. Àwa la sanwó ọkọ̀ àlọ, àwa náà la san ti àbọ̀. Wọ́n á tún un lọ̀, wọ́n á tún un dì, kó tó padà sórí àtẹ, àsìkò rẹ̀ ti kọjá, ó di ẹdinwó. Ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà nìkan ni wọ́n ń kà ní ìpàdé. Ọjọ́ tó padà wá kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Primark, ilé ìtajà aṣọ kan ní Yúróòpù, fi tètè yé mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi tajà lórí ayélujára, wọ́n sì ń jèrè, torí aṣọ olówó pọ́ọ́kú kò lè ru owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní 2020, títà tó ń tó 650 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lóṣù di òdo. Ní 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí èèyàn yan ọjà lórí ìkànnì, kó wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ní tèmi, owó ni mo pàdánù. Mo ra ìpín ìdókòwò ilé ìtajà kan torí pé ìkànnì rẹ̀ rẹwà, gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí mo jìyà rẹ̀ tán ni mo lọ ka ti Toys "R" Us, ilé ìtajà ohun ìṣeré ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ní 2000 wọ́n gbé títà orí ayélujára wọn fún Amazon, àdéhùn ọdún mẹ́wàá, ó sì dé ilé ẹjọ́. Àṣìṣe ńlá ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti 2005 tí àwọn olùdókòwò ti fi owó yíyá ra ilé iṣẹ́ náà ni gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀: ó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là nígbà tó wọko gbèsè ní 2017. Ìkànnì wo ló lè san èlé irú owó bẹ́ẹ̀? Gbèsè ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí.

*

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń bójú tó, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọ̀gá wa tì í pa, wọ́n ní kò tà. Bẹ́ẹ̀ àwa là ń di ọjà tí àwọn oníbàárà rà lórí ìkànnì, ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń gbà á, àmọ́ ìkànnì ni àwọn ọ̀gá ń kọ owó náà fún. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ nọ́ńbà ìwé ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fúnra mi. Nígbà tí mo gbé e síwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n rí i pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú ọjà ìkànnì ní agbègbè wa, inú ṣọ́ọ̀bù wa ló ti jáde. Wọn ò tì í pa mọ́.