Ẹrù yìí ti wúwo jù fún mi: màmá mi wà ní Ìbàdàn, èmi wà ní Leeds

Ọmọ Òkè-Àdó, Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Oṣù mẹ́ta rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá mi nílé wa ní Òkè-Àdó. Apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbí, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màmá onímàmá ni mò ń wẹ̀, màmá onímàmá ni mò ń bu oúnjẹ sí lẹ́nu. Tèmi wà nílé, mi ò lè fún wọn lómi mu.

Lóru àná mo ń nu ẹ̀yìn ìyá kan, ló bá di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Mo sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo sunkún débi pé mo fi tówẹ̀lì bo ẹnu.

Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi lé Olúwa. Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an? Mo ń kó o lé E lóru, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo tún ti gbé e padà. Ẹ bá mi sọ èyí tẹ́ ẹ ti ṣe rí. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó.

Ìyá Ìbejì, Toronto
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ n sọ ti ara kí àwọn tó mọ Bíbélì jù mí lọ tó dé.

Bí màmá ò bá lè yí ara wọn, kí àbúrò rẹ máa yí wọn ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa yọ sí wọn lára. Kó máa yẹ gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn wò lójoojúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fa apá tí kò ṣiṣẹ́ yẹn láti fi gbé wọn dìde o, èjìká á yẹ̀. Kí wọ́n jókòó dáadáa kí wọ́n tó jẹun. Bí omi bá ń há wọn tàbí tí wọ́n ń húkọ́ bí wọ́n bá ń mu ún, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara fúyẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n wò ó, ta ni mò ń kọ́? Ohun tó o ń ṣe lóru nìyẹn. Pe àbúrò rẹ lórí fídíò, kó o kọ́ ọ. Ìwọ ni o ò lè dé Òkè-Àdó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Dublin
Arábìnrin, má fi ẹnu ara rẹ sọ pé ẹrù wúwo. Agbára wà nínú ahọ́n. Kéde ìwòsàn, nu ojú rẹ nù. Ẹkún kì í ṣe ti onígbàgbọ́.

Ọmọ Kúdẹtì, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gba èyí kọjá. Nínú Sáàmù 13, ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ péré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ọlọ́run ò lé e jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ọjọ́ méje ni wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà dé.

Àbúrò Òkè-Àdó, jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí ọkọ mi kú, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè gbàdúrà. Bí mo bá kúnlẹ̀, ẹnu mi á kàn gbẹ ni. Mo pe àǹtí mi ní Kúdẹtì, mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbà á, èmi ò lè gbà á mọ́." Wọ́n ní kí n lọ sùn, pé àwọn ti gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, aago márùn-ún àárọ̀ Ìbàdàn, wọ́n á jí, wọ́n á dárúkọ mi. Èmi á máa sùn lọ. Mi ò rò pé Ọlọ́run bínú sí mi nítorí ẹ̀.

Ní Kúdẹtì tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, wọ́n máa ń sọ ìtàn Anna Hinderer fún wa, òyìnbó tí òun àti David ọkọ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1853. Bí mo ṣe wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ tó kó jọ sọ́dọ̀ tó ń kọ́ ní ìwé nìkan ni mo ń gbọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ ìyókù. Ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, ohunkóhun ò lè ti etíkun wọlé fún wọn mọ́. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà ò là. Ó di 1865 kí wọ́n tó rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé obìnrin náà, tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, jáde lọ sí Èkó. Ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn ọmọ wà lọ́rùn wọn láti bọ́. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ń ta ẹrù ilé. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, páànù bisikíìtì tó ti ṣófo, ó ń tà á fún àwọn ará Ìbàdàn kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ.

Ó ń gbàdúrà, ó sì ń ta páànù. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Bó o ṣe ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó o sì ń fowó ránṣẹ́ sílé, kì í ṣe pé o ò gbẹ́kẹ̀ lé E.

Ti pé o tún ń gbé e padà láàárọ̀, ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀? Tún sọ̀ ọ́. Ẹni tó pọnmi lánàá, ṣebí ó tún pọn lónìí.

Akọ̀wé, Manchester
Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni tèmi, kò ní gùn. Láti oṣù kẹrin 2024, òfin ti fún òṣìṣẹ́ níbí láǹfààní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú ẹni tó gbójú lé e tí àìsàn rẹ̀ máa pẹ́. Wọn kì í san owó ọ̀sẹ̀ yẹn, àmọ́ o lè pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kódà sí ààbọ̀ ọjọ́. Láti ọjọ́ tó o bá ti wọṣẹ́ lo ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Alhaja Ọ̀jẹ́, Houston
Ọmọ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá mi ń ta aṣọ òfì ní Ọ̀jẹ́, èmi ni mo máa ń ru ìdì aṣọ náà gun òkè lọ sí Bẹẹrẹ. Mo kéré nígbà náà, ọrùn mi á máa gbọ̀n. Ẹrù ńlá, èèyàn kì í dá a gbé rù, èèyàn kì í sì í dá a sọ̀. Bó o bá ní o fẹ́ dá a sọ̀, ó lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, màá dúró gbọnin, ojú mi á wo iwájú, màá pariwo: "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!" Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ló ń sáré wá. Nígbà míì, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni.

Nínú súrà Alam Naṣraḥ, Ọlọ́hun sọ fún Ànọ́bì pé Òun ti sọ ẹrù tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ lẹ́ẹ̀mejì pé ìrọ̀rùn wà pẹ̀lú ìnira. Áfáà tó kọ́ wa nílé kéú tẹnu mọ́ ọn fún wa dáadáa: "pẹ̀lú" ni, kì í ṣe "lẹ́yìn." Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mo ṣì ń wo inú ọ̀rọ̀ yẹn.

O ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ti pariwo síta. Ẹgbẹ́ yìí ti gbọ́.

Bàbá Bódìjà, Ìbàdàn
Mo gbé ní Jámánì fún ọdún méjìdínlógún kí n tó padà sílé, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ aláìsàn wà lókè òkun, wòlíì á pọ̀. Nígbà ti bàbá mi, ẹnì kan gba owó ọjọ́ mọ́kànlélógún orí òkè lọ́wọ́ mi, ó tún ní kí wọ́n dá oògùn dúró kí ìgbàgbọ́ lè pé. Mo san owó náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ọgbọ́n ń fún bàbá ní oògùn lọ. Ọlọ́run bá wa ṣe é.

Owó oògùn, san án tààrà fún ilé oògùn, kí wọ́n fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́. Ẹni tó ń wá na apá àti ẹsẹ̀ wọn nílé, ìwọ fúnra rẹ ni kó o máa san tiẹ̀. Kì í ṣe pé àbúrò rẹ jalè. Owó tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá á di ẹrù míì lórí rẹ̀ ni, òun náà sì ti rẹ̀.

Òkè-Àdó ò jìnnà sí mi. Fi nọ́ńbà rẹ̀ sí inú àpótí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, màá jókòó ti màmá láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin, kí ọmọ yẹn lọ sùn tàbí kó lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ìyá Ìbejì, Toronto
Ọlọ́run á bù kún yín, sà. Àbúrò, ohun kan tí mo gbàgbé: bí òru kan bá dé tí ọkàn rẹ ń sọ pé kó o pa ara rẹ lára, má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Pe 116 123, Samaritans ni, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin ará Kánádà àti Amẹ́ríkà, 988 ni tiwa. Mo ti pè é rí. Kò dí mi lọ́wọ́ àdúrà.

Ẹ̀gbọ́n Dublin
Ẹ gbà mí láyè kí n tọrọ àforíjì. Màmá tèmi kú ní 2021, mi ò rí wọn sin. Mi ò tíì sunkún.

Ọmọ Kúdẹtì, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀fọ̀. Màá pè yín lálẹ́ yìí.

Ọmọ Òkè-Àdó, Leeds
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Màmá mi ò tíì dìde, apá yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ sábẹ́ èèyàn kí wọ́n tó yí i padà. Nígbà àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ṣubú lé orí bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan péré ló ń gbé ẹ̀rín náà. Bàbá Bódìjà wá lóòótọ́, wọ́n tún ru ọsàn wá. Àbúrò mi sùn wákàtí márùn-ún.

Lóru ọjọ́ Ẹtì mo tún wọ yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ní, "Olúwa, bá mi sọ̀ ọ́." Mi ò rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Mo nu ojú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí mo pè láàárọ̀, màmá mi fi ahọ́n tó wúwo yẹn fa ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀: "Ṣé... o ti... jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, mà. Irọ́ ni mo pa.

Alhaja Ọ̀jẹ́, Houston
Dìde, ọmọ mi, lọ jẹun.